Èwo Nínú Wọn? Ìyá Ìyá Mi àti Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan

Bí ẹ bá ń bá ìyá ìyá mi sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń jẹ́ "right" bá já bọ́ lẹ́nu yín, ẹ ti wọ gàù. Màmá á gbójú sókè lórí awò ojú wọn, wọ́n á ní, "Èwo nínú wọn?" Kò sí ẹni tó bọ́. Dókítà sọ fún wọn pé ara wọn ti "all right", wọ́n bi í pé èwo. Àlùfáà ìjọ wọn wàásù lọ́jọ́ ìsinmi kan pé kí a máa rìn ní ọ̀nà "right". Lẹ́yìn ìsìn, Màmá dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní ṣé ọ̀nà tó tọ́ ló ń wí ni, àbí ọ̀nà tó yà sí apá ọ̀tún, nítorí ọ̀tún ìjọ yẹn, ilé ọtí ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń kó èrò láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣàgámù sọ pé òun ń bọ̀ "right now". Wákàtí kan gbáko ni Màmá fi jókòó dè é. Nígbà tó dé, wọn ò bú u. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ò sí nínú wọn."

Màmá ti kú báyìí. Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni wọ́n lọ. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣe, gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ ló sì ń pè wọ́n ní Màmá Tíṣà títí wọ́n fi kú. Mi ò ní ìtàn ìgbésí ayé láti kọ síbí. Ìwé pélébé tí wọ́n pín níbi ìsìnkú ti ka ilé-ìwé tí wọ́n lọ àti iye ọmọ tí wọ́n bí. Ṣùgbọ́n ìwé náà sọ pé oníwà tútù ni Màmá. Irọ́ ni. N kò mọ ẹni tó kọ ọ́, n kò sì bínú sí i, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Màmá ò tutù rárá.

Ọwọ́ òsì ni Màmá ń lò. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ijoku ní Ṣàgámù ni wọ́n bí wọn sí. Mùsùlùmí ni bàbá wọn, oníṣòwò obì. Ilé-ìwé ìjọ ló sún mọ́lé jù, ibẹ̀ ni bàbá fi ọmọbìnrin rẹ̀ sí. Tíṣà tó kọ́kọ́ kọ́ ọ rí i pé ọwọ́ òsì ló fi mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fa aṣọ kan ya, ó fi so ọwọ́ náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ kejì sókè lójú gbogbo kíláàsì, ó sì sọ lédè òyìnbó pé èyí ni ọwọ́ "right" nítorí pé òun ni ọwọ́ tó "right". Ọmọ ọdún méje ni Màmá nígbà náà. Wọ́n ní kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Tíṣà ní ọ̀kan ni ọ̀tún, ìkejì ni pé ó tọ́. Màmá ní, "Ṣé ọwọ́ tẹ́ ẹ so yìí ò tọ́ nìyẹn, sà?" Ẹgba ló fi dáhùn.

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá wọn gbé ọwọ́ tó wú náà lé orí itan, ó wò ó títí. Ó ní, "Ọwọ́ yìí ló ń bá mi ṣa obì. Kò fi ẹyọ kan tí kòkòrò ti jẹ sílẹ̀ rí. Kò sí ohun tó ṣe é." Lọ́jọ́ kejì, tíṣà tún so ó. Bó ṣe kọjú sí pátákó, ọmọ náà fi eyín tú ìdè, ó sì fi ọwọ́ òsì kọ gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì tán kó tó yíjú padà. Wọ́n tún nà án. Ó ju ogún ìgbà lọ tí Màmá sọ ìtàn yìí fún wa, ibì kan náà ni wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ sí: "Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè dá ènìyàn lẹ́bi kó tó ṣe nǹkan kan."

Kì í ṣe pé Màmá ò mọ àṣà. Bí wọ́n bá fẹ́ fún àgbàlagbà ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń na án, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn, tàbí ẹni tó kéré sí wọn, láti ọwọ́ òsì wọn ni yóò ti gba nǹkan náà. Aládùúgbò wọn kan, Màmá Ṣẹ́gun, kọ ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ó ní wọn ò bí òun láti máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ òsì. Màmá gbé àwo náà padà wálé. Wọ́n ní, "Ọwọ́ òsì yìí ló bẹ iṣu ewùrà náà, òun ló rin ín, òun ló rò ó. Tó o bá ti rí ọwọ́ ọ̀tún tó máa sè é báyìí, lọ bá a." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òórùn ìkọ́kọrẹ́ tún gba fẹ́ǹsì kọjá. Màmá Ṣẹ́gun fúnra rẹ̀ ló gbé àwo wá. Nígbà tí wọ́n na oúnjẹ náà sí i, kò bèèrè ọwọ́ kankan. Màmá ní, "Ebi kì í mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì."

Àbúrò mi, Bùkọ́lá, ló mú ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè Finland, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan, Tèmi. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a máa ń pe ara wa lórí fóònù, kí Màmá lè rí ojú ọmọ. Màmá gbọ́ tí Tèmi ń bá bàbá rẹ̀ sọ èdè wọn, wọ́n sì ní kí Bùkọ́lá sọ fún àwọn bí àwọn ènìyàn yẹn ṣe ń pe "right". Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, èwo nínú wọn?"

Inú Màmá dùn débi pé wọ́n pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ra ìwé kan, wọ́n fi rúlà pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́ta, ọ̀kan fún òyìnbó, ọ̀kan fún Yorùbá, ọ̀kan fún Finland. "Right" tó jẹ́ apá: ọ̀tún, oikea. "Right" tó jẹ́ pé o ò ṣì í: ó tọ̀nà, oikein. "Right" tí wọ́n bí mọ́ ọ, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi dù ọ́: ẹ̀tọ́, oikeus. Èyí tó túmọ̀ sí kíákíá: lójú ẹsẹ̀, heti. Èyí tí ènìyàn fi ń parí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí: àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, eikö niin. Èyí tó jẹ́ pé kí o mú ohun tó wọ́ tọ́: tún un ṣe, korjata. Mo bi Màmá pé kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yìí nà mí nígbà tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ mọ gbogbo ẹbí rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà kà, wọ́n rí ohun kan tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe Bùkọ́lá sí i.

"Bùkọ́lá, ọ̀tún lo pè ní oikea?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èyí tó tọ́ ńkọ́? Bí ìdáhùn bá tọ́, ìdáhùn wo la máa pè é?"

"Oikea náà ni, Màmá."

Màmá bọ́ awò ojú wọn. "Àwọn náà!"

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú wọn tún tàn. Wọ́n ní a ò rí i bí, pé nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Yorùbá nìkan ni ò da ọ̀tún pọ̀ mọ́ òtítọ́. Ọ̀tún wà níbi tiẹ̀, títọ́ wà níbi tiẹ̀. Kò sí tíṣà tó lè fi Yorùbá ṣe irú àlàyé tí wọ́n ṣe fún àwọn lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Bùkọ́lá, tó jẹ́ pé òun nìkan ló láyà láti bá Màmá jiyàn, ní, "Ṣùgbọ́n, Màmá, Yorùbá ló ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Màmá tún awò ojú wọn wọ̀. Wọ́n wá ní, "Èdè wa mọ́. Àwa tí à ń sọ ọ́ la dọ̀tí."

Ọjọ́ mìíràn, Tèmi ń gé bébà níwájú fóònù, ọwọ́ òsì ló sì fi ń gé e. Òun náà ń lo òsì, bíi ti Màmá. Bùkọ́lá ní ilé-ìwé ló fún un ní sísọ́ọ̀sì tí wọ́n dìídì ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì. Màmá ní kí ó gbé e súnmọ́ fóònù kí àwọn rí i dáadáa. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí ó yí i. Ó yí i. Wọ́n ní, "Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe fún un. Ìdè ni wọ́n ṣe fún èmi."

Kí ẹ má baà rò pé ẹni mímọ́ ni mò ń ròyìn, ẹ gbọ́ ti ìyá mi. Màmá ní àpò ìwé kan tí lẹ́tà àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé-ìwé wà nínú rẹ̀. A wá a tì lọ́jọ́ kan. Màmá ní ìyá mi ló kó o dànù nígbà tó ń gbálẹ̀. Ìyá mi búra pé òun ò fọwọ́ kàn án. Màmá ní irọ́ ni, wọ́n sì dákẹ́ mọ́ ọmọ bíbí inú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ìyá mi bá kúnlẹ̀ kí wọn, ògiri ni wọ́n ń wò. Nígbà tó yá, a gbé bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò nítorí èèrà, a rí àpò náà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn fúnra wọn tọ́jú rẹ̀ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá wọ ilé ìdáná, wọ́n dúró lẹ́yìn ìyá mi, wọ́n ní, "Olet oikeassa."

Ìyá mi yíjú. "Kí nìyẹn, Màmá?"

"Bi Bùkọ́lá."

Ìyá mi pe Finland. Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ohun tí Màmá sọ ni pé, "Ìwọ lo wà lórí òtítọ́." Ìyá mi padà lọ bá wọn nínú yàrá, ó ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ ní Yorùbá. Màmá ò gbójú sókè nínú ìwé tí wọ́n ń kà. Wọ́n ní, "Tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, wàá gbọ́ ọ."

Ohun tí wọ́n ṣe tí kò sẹ́ni tó máa gbàgbé ní Ijoku ni ti ilé bàbá wọn.

Ilé náà ṣì wà, ilé oníyàrá mẹ́jọ, sàréè bàbá wọn sì wà lẹ́yìnkùlé. Àlàájì, àbúrò wọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan, ni olórí ẹbí. Ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ ní Ogijo fẹ́ ra ibẹ̀ láti fi ṣe ilé ìkẹ́rùsí. Àlàájì pe ìpàdé ẹbí, àwọn ọkùnrin nìkan ló sì pè. Ayálégbé kan ló pe Màmá lórí fóònù pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti dé o. Èmi àti Màmá wọ ọkọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

A bá àwọn awọnlẹ̀ mẹ́ta níwájú ilé, wọ́n ti ri irin mọ́lẹ̀ níbi méjì. Àlàájì jókòó sórí àga pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí. Nígbà tó rí wa, ó dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀. Ta ló yọ yín lẹ́nu?"

Màmá ò jókòó. Wọ́n na ọwọ́ òsì, ó nà gbọọrọ, wọ́n sì nàka sí ilé náà. Wọ́n ní, "Ilé bàbá mi nìyẹn."

Gbogbo ibẹ̀ dàrú. Ẹnì kan kígbe pé, "Háà! Ọwọ́ òsì!" Bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá dìde. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ gbé ọwọ́ yẹn sílẹ̀! Ẹ ti tàbùkù ẹni tó bí yín!"

Màmá ò gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi fi ọwọ́ òsì júwe rẹ̀. Ẹ̀yin ń fi ọwọ́ ọ̀tún tà á. Èwo nínú àwa méjèèjì ló tàbùkù bàbá mi?"

Àwọn awọnlẹ̀ wo ara wọn. Èyí tó dàgbà nínú wọn ká okùn rẹ̀. Ó ní kí ẹbí lọ yanjú ọ̀rọ̀ wọn ná, wọ́n sì wọ ọkọ̀ wọn lọ.

Ẹbí ò yanjú rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ náà. Àwọn ọmọ ìjọ wá bẹ Màmá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ rẹ̀, pé kí ni ilé ògbólógbòó fẹ́ ṣe fún wọn. Ìyá mi pàápàá bẹ̀ wọ́n, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní, "Tí mo bá jọ̀ọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé n kò ní in. Wọn ò ní sọ pé mo jọ̀ọ́ rẹ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa jẹ́rìí, akọ̀wé kóòtù gbé Bíbélì wá, ó ní kí Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún búra. Ọwọ́ òsì ni wọ́n gbé sókè. Akọ̀wé ní, "Màmá, ọ̀tún." Màmá ní, "Ọwọ́ tí mo fi ń ṣe ohun gbogbo ni mo fẹ́ fi búra. Ṣé ọwọ́ tí kò mọ nǹkan kan lẹ fẹ́ kó wá jẹ́rìí ni?" Adájọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Màmá búra bó ṣe wù wọ́n.

Lọ́yà Àlàájì wá dìde, ó sọ lédè òyìnbó pé obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ láti ọjọ́ yìí wá, kò ní "right" kankan nínú ilé náà.

Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Mo fi orí pamọ́ sáàárín ọwọ́ mi.

Màmá ní, "Èwo nínú wọn?"

Adájọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí lọ́yà sọ̀rọ̀ tán. Màmá ní, "Olúwa mi, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n mọ ohun tí wọ́n ní mi ò ní. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, òótọ́ ni, tèmi ò wúlò. Tó bá jẹ́ pé mi ò tọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa sọ ìyẹn, kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ló ń wí, kí ó bi Àlàájì bóyá bàbá méjì ló bí wa." Wọ́n tún fi kún un pé ní ìlú tí ọmọ-ọmọ àwọn wà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ẹ̀tọ́ àti kóòtù, oikeus ni méjèèjì. "Èmi ń wò ó lónìí," Màmá ní, "bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ ní Ṣàgámù."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, adájọ́ sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ilé náà láìjẹ́ pé gbogbo ọmọ fọwọ́ sí i, àti ọkùnrin àti obìnrin. Màmá ò jó, wọn ò sì ṣe ìdúpẹ́. Wọ́n ra kọ́kọ́rọ́ tuntun fún yàrá kan nínú ilé náà. Láti ìgbà náà, wọ́n ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á jókòó fún wákàtí méjì, wọ́n á padà wálé. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní, "Mò ń wà níbẹ̀."

Ọdún tó ṣáájú ikú wọn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Apá òsì ló mú. Ọwọ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn jà fún wá ń fì bí aṣọ. Àwọn kan ní àdúgbò sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Ọlọ́run ti dá ẹjọ́ náà. Ó dé etígbọ̀ọ́ Màmá. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí omi ojú wọn nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n ra pẹ́ńsù wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ọ̀tún kọ á, bí, dí, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, lójoojúmọ́, títí lẹ́tà wọn fi ṣeé kà. Màmá Ṣẹ́gun wá kí wọn, ó rí wọn lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Màmá Tíṣà, ọwọ́ ọ̀tún borí ṣá."

Màmá ò dá ọwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ ò yọ dáadáa lẹ́nu wọn mọ́ nígbà náà, wọ́n ń kó o jọ níkọ̀ọ̀kan. "Nígbà tí wọ́n fipá mú mi, mo kọ̀. Nígbà tó wù mí, mo kọ́."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n sùn tí wọn ò jí.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, Àlàájì wá sí Ìkẹ́nnẹ́. A ò retí rẹ̀. Ó ti darúgbó, ẹni méjì ló dì í mú wọlé. Ó jókòó, ó kọ omi, ó kọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó wo fọ́tò Màmá lára ògiri fún ìgbà pípẹ́, ó sì mi orí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi yọ mí lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ ká máa tanra wa. Ẹni tó lè kò mí lójú nínú ẹbí yẹn ti lọ. Ta ló kù?"

Ìyá mi bojú wo ilẹ̀. Ilé kún fún àlejò. Mo kúnlẹ̀ níwájú Àlàájì bó ṣe yẹ kí ọmọ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ àgbà, mo sì wò ó lójú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má dààmú, sà. Àwa ṣì wà."